Mótò Fòfó àti Jíà Tó Ń Yí Fúnra Rẹ̀

Nígbà tí ojú ẹ̀gbọ́n mi là lẹ́yìn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti orúnkún, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bóyá mo ti fi nǹkan bo mótò rẹ̀ nítorí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun. Kò bèèrè ẹsẹ̀. Mo ní mo ti bò ó. N kò tíì bò ó, ta ló ń ronú mótò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Mo jáde nílé ìwòsàn bí ẹni tó fẹ́ lọ mu omi, mo sáré délé, mo fi tapólì bò ó, inú sì ń bí mi ní gbogbo ọ̀nà bí ẹni pé mótò náà ló gé e lẹ́sẹ̀.

Mótò kọ́ o. Egbò kékeré ni. Ìṣó ló gún un lórí wọ́ọ̀fù, èbúté etíkun, níbi tó ti lọ gbé èrò, egbò náà kọ̀, kò jinná, ó sì ń dúdú lọ sókè. Fòfó ni mo máa ń pè é, bí a ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní Kùtọnu, nítorí èdè Gùn àti ti Fọ̀n ti wọ tiwa lẹ́nu. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo ń lò fún un, n kì í sì í wò ó lójú bí ọ̀rọ̀ bá nípọn. Nínú ìwé yìí, "ó" ni n ó máa lò, kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé èèyàn méjì ni mo ń sọ̀rọ̀ wọn.

Àwọn Faransé ló ṣì ń ṣèjọba Dàhòmì nígbà náà. Ẹni tí ọ̀ràn kánjúkánjú bá ṣẹlẹ̀ sí, tó fẹ́ dé Àjàṣẹ́ kí ilé ẹjọ́ tó ṣí tàbí kí aláìsàn tó dákẹ́, Fòfó, tó ń fi mótò gbé èrò, ni yóò wá lọ. Òyìnbó kan tó fẹ́ràn eré sísá ló kọ́kọ́ ni mótò náà. Ó ti tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó tún un tò kó lè máa sáré ju bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe rò lọ. Nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún Fòfó. Ẹ́ńjìnnì náà kéré, ṣùgbọ́n oníbìínú ni. Bó bá ń yí jẹ́jẹ́, kò lágbára kankan, ìwọ náà á rò pé ó ń ṣàìsàn. Ìgbà tó bá ń yí kíkankíkan ló tó ń jí, bó bá sì jí, ó kù sọ́wọ́ awakọ̀. Awakọ̀ tó mọ ìgbà tí a ń yí jíà fún un kò pọ̀. N kò sí lára wọn, èmi tí mo jẹ́ mẹkáníìkì. Fòfó nìkan ni.

Nígbà tó kúrò nílé ìwòsàn, ó jókòó sí iwájú ilé wa, ó ń gbọ́ ìró mótò àwọn ẹlòmíràn. Á ní èyí ń jẹ òróró, á ní tọ̀hún kò mọ jíà yí. Nígbà tó yá, kò sọ nǹkan kan mọ́. Kò fá irùngbọ̀n. Ìyá wa á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, wọ́n á tún gbé e kúrò bó ṣe wà. Ẹ̀rù bà mí nígbà náà ju ìgbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn lọ. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo mọ̀ pé bí kò bá tún wa mótò, kò ní pẹ́ láyé.

Òun fúnra rẹ̀ ló wá ọgbọ́n rẹ̀. Oníṣòwò kan nínú ìjọ wa, Àgùdà bíi tiwa, ọmọ àwọn tó ti Brasil dé, ní mótò Amẹ́ríkà ńlá kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó pa á tì síwájú ilé rẹ̀ ní Akpakpa, adìyẹ ń yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀. Fòfó fi ọ̀pá méjì rẹ̀ rìn dé ibẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó ránṣẹ́ pè mí ní gáráàjì mi lẹ́yìn àdúgbò Jonquet.

"Ṣé o mọ̀ pé mótò yìí kò ní àmbráyáàjì?" Bó ṣe bi mí nìyẹn. Àmbráyáàjì ni ohun tí àwọn ará Èkó ń pè ní kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí ẹsẹ̀ òsì gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí a tó yí jíà.

"Mo mọ̀, Fòfó. Jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀."

"O mọ̀, o sì ń wò mí lójoojúmọ́."

"Fòfó, ẹ jọ̀ọ́. Mótò yìí tó ilé. Bí a bá yọ jíà rẹ̀ sínú mótò yín, ẹ́ńjìnnì yín á kú lábẹ́ rẹ̀."

"Ṣé ikú ni mo bi ọ́? Iṣẹ́ ni mo bi ọ́. Ṣé o lè ṣe é àbí o ò lè ṣe é?"

Irùngbọ̀n rẹ̀ ti gùn, ìyẹ́ adìyẹ sì lẹ̀ mọ́ ọn ní ṣòkòtò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti padà sí ojú Fòfó. Mo ní mo lè ṣe é. N kò mọ̀ bóyá mo lè ṣe é.

Ìyá wa kò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí a wá awakọ̀ tó dára, kó máa gbé e kiri. "Màmá, ẹrù kọ́ ni mí tí wọ́n á máa rù," ni èsì rẹ̀, ó fá irùngbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí Ìyá rí i pé ó jẹun, wọn kò ta kò ó mọ́.

Iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè. Ihò bóòtù ẹ́ńjìnnì kò bá ti jíà mu rárá, mo ní láti gé awo irin tó nípọn kan sí àárín wọn. Dípò àmbráyáàjì, jíà Amẹ́ríkà yẹn ní nǹkan roboto kan tó kún fún òróró, tí a sọ ní ìkòkò. Ẹ́ńjìnnì á máa da òróró náà láàmú láti ìhà kan, òróró á sì ti jíà láti ìhà kejì, mótò á lọ. Ẹ́ńjìnnì ńlá tó lágbára láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ṣe ìkòkò náà fún. Tiwa kò lè yí òróró bẹ́ẹ̀ bí kò bá tíì máa kígbe, nítorí náà ni mo fi wá ìkòkò kékeré mìíràn, mo sì tún àwọn abẹ̀bẹ̀ irin inú rẹ̀ tó ń da òróró ṣe títí ẹ́ńjìnnì fi gbà láti bá a lọ.

Èyí tó wá burú jù ni pé jíà náà ń yí tètè jù. Gbàrà tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ jí báyìí, jíà á fò sókè, ẹ́ńjìnnì á tún sùn padà. Fòfó á jókòó sídìí ọkọ̀, á máa fi ọwọ́ gbá ìdarí bí ẹni tí wọ́n ń já oúnjẹ gbà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so ibi tí a ti ń tẹ epo mọ́ jíà, òun ló ń jẹ́ kí jíà mọ bí awakọ̀ ṣe tẹ epo tó. Mo sọ ọ́ di gígùn sí i. Lẹ́yìn náà, níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ṣì wà lórí epo, jíà á dúró nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì ráyè ké dé ibi tó ti ń dùn mọ́ ọn. Sípíríǹgì kan wà nínú jíà tí òun àti ọ̀pá náà jọ ń ṣiṣẹ́. N kò fọwọ́ kàn án. Lójú wa, ọ̀pá ti yanjú ọ̀ràn.

Ọ̀nà Ekpè ni a ti dán an wò, iyanrìn etíkun, níbi tí gbogbo mẹkáníìkì Kùtọnu ti ń dán mótò wò. Ẹni tí kò bá wakọ̀ lórí iyanrìn rí, ó yẹ kí n ṣàlàyé fún un. Lórí iyanrìn, a kì í tẹ búréèkì. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, táyà á rì, á sì wá àwọn tí yóò bá a tì í. Bí a bá fẹ́ dín eré kù, a ó kàn gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, iyanrìn á di mótò mú. Bí a bá wá dé ilẹ̀ líle, gbígbé ẹsẹ̀ náà ni, nítorí jíà ọlọ́wọ́ kì í kúrò níbi tí a fi í sí, ẹ́ńjìnnì á sì máa fà á sẹ́yìn. Fòfó ló kọ́ mi wakọ̀. Bí ẹsẹ̀ mi bá ṣèèṣì kan búréèkì, orí mi ló ń sanwó rẹ̀. "Gbé ẹsẹ̀!" Ohun tí mo gbọ́ ní gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ mi nìyẹn, gbogbo awakọ̀ etíkun ló sì gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀gá rẹ̀.

Ọjọ́ tí a kọjá abúlé Agblangandan, tí ẹ́ńjìnnì ń ké, tí jíà ń dúró dè é kó ké tán kó tó yí, Fòfó bú sẹ́rìn-ín. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń wà á, ó ń gbé ẹsẹ̀, iyanrìn ń di mótò mú, ó tún ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a dé Ekpè, ó pa á, ó sì jókòó síbẹ̀ tó ń wo òkun. Ó ní, "O ṣeun." Mo wo ibòmíràn kí n má baà sunkún níwájú rẹ̀.

Ìyá wa ní àwọn gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí yóò kọ́kọ́ wọ ìgboro. Lẹ́yìn Máàsì ni, wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú rósárì lọ́wọ́. Mo jókòó síwájú. Láti Akpakpa ni a ti ń bọ̀, lórí títì ọlọ́dà, tí a dorí kọ afárá tó wọ ìgboro. Fòfó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ìyá ké, "Rọra o!" Ìdùnnú ló wà nínú ohùn wọn, mo mọ̀ ọ́n.

Ẹnu afárá kún fún èèyàn. Fòfó gbé ẹsẹ̀.

Etí mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó máa kùn bó ṣe ń fa mótò sẹ́yìn dákẹ́ lójijì. Jíà ti fò sókè. Nígbà tí ẹsẹ̀ kúrò lórí epo, ọ̀pá tí mo sọ di gígùn kò di jíà mú mọ́, ó bọ́ sí jíà tó ga jù, ó tú mótò sílẹ̀ bí ẹni tú ewúrẹ́ lókùn. A ń yọ̀ lọ sáàárín èrò. Mo rí i tí kùkùté ẹsẹ̀ òsì Fòfó fò sókè nínú ṣòkòtò, tó ń wá àmbráyáàjì tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rí búréèkì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fa ìdarí, ó darí mótò sínú iyanrìn ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Obìnrin kan tó ru apẹ̀rẹ̀ ẹja wà níbẹ̀. Mótò kò kàn án. Ó bẹ́ sẹ́yìn, ó ṣubú, ẹja dà sílẹ̀ káàkiri. Rósárì Ìyá ti já, orí wọn ti gbá ẹ̀yìn ìjókòó mi, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Kí n tó ṣílẹ̀kùn, èèyàn ti pé lé wa lórí. Wọ́n ń gbá orí mótò, wọ́n ń pariwo pé kí awakọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí wọ́n ṣe.

Obìnrin náà dìde, ó gbọn iyanrìn nídìí, ó wá síbi fèrèsé pẹ̀lú ìbínú tó tọ́ sí i. Ó wo inú mótò. Ó rí ṣòkòtò tí a ká mọ́ orúnkún. Ìbínú náà kúrò lójú rẹ̀, ó yíjú sí àwọn èèyàn, ó fi Gùn sọ fún wọn pé, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ṣé ẹ ò rí i pé kò lẹ́sẹ̀ ni?"

Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí mótò. Ọ̀kan ní, "Haa." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá obìnrin náà ṣa ẹja. Ó tún padà wá, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, bàbá." Ọkùnrin tí kò tíì hu ewú kan! Ká ní ó bú u ni, ká ní ó fi ẹja gbá a lójú, mo rò pé Fòfó ì bá wà láàyè lórí èébú náà di òní. Kò sẹ́ni tó bú u.

Èmi ló wà á délé. Mo wọ abẹ́ mótò pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ kedere. Ọ̀pá nìkan kò tó, sípíríǹgì náà rọ̀ jù. Lórí iyanrìn, a kò lè mọ̀, nítorí iyanrìn ló ń bá wa di mótò mú ní gbogbo ìgbà tí jíà tú u sílẹ̀. Mo sáré wọlé pẹ̀lú òróró lọ́wọ́.

"Fòfó, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín. Jíà ni. Bí mo ṣe tò ó ni kò dára. Ẹni tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta gan-an, bẹ́ẹ̀ ni ì bá ṣe bá a sá lọ."

Ó wò mí, ó mi orí díẹ̀. Ìyá wa wò mí pẹ̀lú omi lójú. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi. Mo tọ́ ọ dáadáa."

Ìgbà náà ni mo tó mọ inú ọ̀fìn tí mo wà. Nílé wa, àti ní ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀, bí àgbà bá ṣe àṣìṣe níwájú èèyàn, àbúrò tó wà nítòsí ló ń gbà á sọ́rùn. Nígbà tí fáàdà wá kí wa, tí bàbá wa da wáìnì sórí aṣọ funfun fáàdà, èmi ni mo sọ pé mo fi ìgúnpá kàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ yàrá ìdáná ni mo wà. Gbogbo wọn mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́, wọ́n sì yìn mí lẹ́yìn náà. Bí a ti tọ́ wa nìyẹn. Báyìí, òtítọ́ tí mo ń sọ àti irọ́ tí ọmọ gidi ì bá pa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn tó ni wọ́n ń rí mi bí ọmọ gidi tó.

Mo fi Màríà Mímọ́ búra. Ìyá wa bá mi wí pé kò yẹ kí n lọ tó bẹ́ẹ̀.

Mo bínú, ẹ má wulẹ̀ bi mí bó ti tó. Mo tú jíà náà, mo fi sípíríǹgì tó le sí i, mo tún ọ̀pá dì, mo sì wà á lórí ọ̀dà lálọ lábọ̀. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, jíà á dúró níbi tó wà, ẹ́ńjìnnì á fa mótò sẹ́yìn bí ó ti yẹ. Ẹ́ńjìnnì oníbìínú yẹn àti jíà ọ̀lẹ yẹn ti wá mọwọ́ ara wọn. N kò ṣe iṣẹ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì tíì ṣe irú rẹ̀ láti ìgbà náà. Mo gbé e dé iwájú ilé, mo fun fèrè. Fòfó kò dìde lórí àga rẹ̀. Ó ní ó dára, kí n gbé e sí ibòji. Kò fá irùngbọ̀n mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo lè ṣe. Mo tú u padà, mo dá sípíríǹgì àtijọ́ padà sínú rẹ̀, mo sì mú ọ̀pá gùn bó ṣe wà lọ́jọ́ náà gẹ́lẹ́. Mo bẹ Fòfó pé kó bá mi jáde, kó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kó kàn fi ojú rẹ̀ rí i. Ó tẹ̀ lé mi, mo rò pé kí n lè yé pariwo ni. Mo wà á láti Akpakpa, mo dorí kọ afárá. Mo ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ mi, Fòfó! Méjèèjì pé! Ẹ máa wò wọ́n!" Mo gbé ẹsẹ̀.

Mótò sá. Ó sá bó ṣe sá mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì dákẹ́, a ń yọ̀ lọ. Mo jẹ́ kó sá títí ẹ̀rù fi ba èmi gan-an, kí n tó fi gbogbo ara tẹ búréèkì, tí táyà ké lórí ọ̀dà, tí a dúró gbọ̀n-ọ́n lẹ́nu afárá. Àwọn tó ń kọjá bú mi. Wọ́n bú mi ní Fọ̀n, wọ́n bú mi ní Gùn, ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan dúró láti bú mi dáadáa, ó dé orí ìyá tó bí mi. Fòfó ń gbọ́ wọn. Mo rí ojú rẹ̀, ó ń jowú mi.

Mo ní, "Ṣé ẹ ti wá rí i báyìí?"

Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ọwọ́ náà rọ̀, kò gbá mi lórí. "Mo ti rí i," ó ní. "O mọ mótò wà tó báyìí, o wá jẹ́ kó sá mọ́ ọ lọ́wọ́ nítorí tèmi. O ṣé, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n má tún ṣe é mọ́, o lè pa èèyàn."

Mo pariwo. Mo sọ̀rọ̀ sípíríǹgì, mo sọ̀rọ̀ ọ̀pá, mo ní kó jẹ́ kí n tú jíà náà níbẹ̀ lórí afárá kó fi ọwọ́ kàn án. Mo pè é ní "ìwọ", fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, kò sì bá mi wí. Ó dúró kí n sọ tán. Lẹ́yìn náà ló mú àwọn ọ̀pá rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, ó jókòó síbi tí èrò ń jókòó sí, ó ní kí n máa gbé òun lọ sílé.